Fìtílà Kérésì tó Pa Káàdì Kámẹ́rà Oríta

Rárá, kumare, mi ò jókòó, mi ò sì ní mu kọfí, ẹ ṣeun, ẹ gbé e padà. Ẹ̀yin ni ìyá ìsàmì ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ gbé e dání nígbà tí omi kan orí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ yín. Kapitan ọkọ yín, olórí àdúgbò wa, ti pè mí sí iwájú ìgbìmọ̀ àwọn àgbà àdúgbò láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ̀sùn wo? Pé èmi Ponso, tí mo ń ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sétí ìjọ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, ni mo pa àwòrán inú kámẹ́rà oríta rẹ́, kí wọ́n má bàa rí i pé Teryo, àbúrò ìyàwó mi, ló fi kẹ̀kẹ́ akérò rẹ̀ gbá Aling Sabel tí ìyá arúgbó náà fi kán lẹ́sẹ̀. Èmi. Bí wọ́n bá dá mi lẹ́bi, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ìyẹn ò dùn mí. Àlùfáà ò ní jẹ́ kí n kàwé fún ìjọ mọ́. Ìyẹn ló máa pa mí.

Ta ló mọ ìtọ́jú káàdì tó ń gba àwòrán sínú kámẹ́rà yẹn jù mí lọ? Ọdún mẹ́rin ni mo fi lò ó. Ní àdúgbò tó tẹ̀ lé tiwa, oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ń ju tiwọn nù, wọ́n á ní ayédèrú ni. Kì í ṣe ayédèrú. Káàdì ìrántí dà bíi síléètì tí wọ́n ń kọ, tí wọ́n ń nù, tí wọ́n tún ń kọ. Bó pẹ́ bó yá, nínù á jẹ ojú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́, kó jẹ́ kó sinmi. Èmi ni mo sọ fún ọkọ yín pé ká má ra ti fóònù, ká ra èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún kámẹ́rà, kí àyè inú rẹ̀ sì pọ̀, kó lè pẹ́ kó tó padà wá nu ibi tó ti kọ. Èmi ni mo dín mímọ́ kedere àwòrán kù kó má bàa gba àyè jù, torí ojú olè la fẹ́ mọ̀, a ò fẹ́ ka irùngbọ̀n rẹ̀. Èmi náà ni mo tún un ṣe pé bí nǹkan kan ò bá mira níwájú rẹ̀, kó má kọ ohunkóhun. Ẹ sì mọ oríta wa: ajá méjì àti ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì. Wákàtí méjì péré ló ń kọ lójúmọ́. Ìyókù, oorun ni. Ọlọ́run nìkan ni kì í tòògbé, kumare. Ohun tí ènìyàn fọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ sùn.

Báwo ló ṣe wá kú? Ẹ má wolẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, tí rédíò bẹ̀rẹ̀ orin Kérésì bí ìṣe wa, ta ló dé oríta pẹ̀lú wáyà àti òòlù? Ẹ̀yin ni, ẹ gbé parol yín dání, fìtílà oníràwọ̀ tí ẹ lọ rà ní San Fernando, tó tóbi tó táyà ọkọ̀ akẹ́rù, tí gílóòbù rẹ̀ ń jó láti pupa bọ́ sí àwọ̀ ewé, láti àwọ̀ ewé bọ́ sí búlúù, pẹ̀lú ìrù bébà méjì tí afẹ́fẹ́ ń fì. Iwájú kámẹ́rà gan-an lẹ gbé e kọ́ sí. Tọ̀sán-tòru ló ń jó, torí ẹ ní a kì í pa iná mọ́ Ọmọ Màríà lójú. Kámẹ́rà ò mọ Ọmọ Màríà. Ohun tó mọ̀ ni pé nǹkan ń mira, ó sì ń kọ ọ́. Wákàtí mẹ́rìnlélógún, pupa, ewé, búlúù. Ohun tí ì bá kọ lọ́dún méjì, oṣù méjì ló fi kọ ọ́. Mo wo ohun tó kù nínú rẹ̀ lánàá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, fìtílà yín ni. Nígbà mìíràn, ajá a kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹwàá ló kú. Kò pariwo. Iná kékeré ara kámẹ́rà ṣì ń tàn, káàdì kàn kọ̀ kò gba nǹkan sára mọ́ ni. Ọjọ́ kìíní oṣù ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kí ló dé tí mi ò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ibo lẹ wà lọ́jọ́ náà? Ṣebí ìtẹ́ òkú ni gbogbo wa wà, à ń tan àbẹ́là fáwọn tó ti lọ, à ń jẹun lórí ibojì bàbá mi, ẹ sì jẹ níbẹ̀. Ta ló ń yẹ káàdì wò lọ́jọ́ àwọn òkú? Mo ní tó bá di ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́ kẹta ni kẹ̀kẹ́ gbá Aling Sabel.

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò ti sọ̀rọ̀? Mo sọ. Mo ní, "Kumare, ṣé fìtílà yìí ò ní dára lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn?" Ẹ ní, "Ponso, ṣé ó ń ta ọ́ lójú ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ sílé. Ojú ló tì mí. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn, màá sì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún àlùfáà: mo mọ òtítọ́, mo fi ẹ̀rín bò ó. Ṣùgbọ́n kí n pa àwòrán rẹ́ nítorí Teryo? Teryo tó pa àkùkọ ìjà mi jẹ, tó ní ológbò ni? Bó bá jẹ́ òun ló gbá ìyá náà, kó máa lọ pọnmi fún un títí ẹsẹ̀ á fi jinná. Bí kì í bá ṣe òun, àwòrán yẹn ni ì bá gbà á sílẹ̀. A ò mọ̀. Aling Sabel fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ó ní fìtílà lòun ń wò.

Ohun tí mo bá wá nìyí. Lọ́la, ẹ dìde níwájú wọn, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ gbé e kọ́, àti pé mo bẹ̀ yín, ẹ ò gbọ́. Kapitan á bínú? Á bínú. Ó ti ń bínú sí èmi láti ọjọ́ mẹ́ta, mi ò tíì kú.

Ibo lẹ ń lọ? Kí lẹ fẹ́ fi àkàbà ṣe nírọ̀lẹ́ yìí? Rárá o, ẹ ò ní lọ tú u kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa jó. Lọ́la, màá kó gbogbo ìgbìmọ̀ lọ sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gbójú sókè, kí wọ́n ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n wá sọ káàdì tó lè yè é fún mi. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn, kumare. Ẹ gbé àkàbà yẹn sílẹ̀.