Fọ́ọ̀mù Tí Gbogbo Agboolé Kọ̀ Láti Buwọ́ Lù

Àlàhú Akbar! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má dáhùn bí ẹni tó ń gbààwẹ̀, mo rí i pé gbogbo yín mu ògì kí ẹ tó wá. Àlàhú Akbar! Ẹ ṣeun, ó ti dáa báyìí. Alihamudulilahi! Ọlọ́hun tó yọ mí lọ́wọ́ bébà pélébé ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀ ní àsàlátù láàárọ̀ yìí. Ọpẹ́ mi pọ̀ o. Kò ṣeé kà tán.

Orúkọ mi ni Mùlíkátù, ọmọ Àlájà aláṣọ ní Jankárà. Ìta Fájì ni agboolé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Dókítà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀ yín títí kí ẹ dákẹ́. Mi ò tíì di dókítà. Bí mo bá sì di ọ̀kan, kì í ṣe ti alábẹ́rẹ́. Ìyá mi kan tó jókòó síbí yìí, mi ò ní dárúkọ yín mà, lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ gbé orúnkún kalẹ̀ níwájú mi pé kí n wò ó. Mo wò ó. Mo ní ó wú. Ẹ ní, "Háà, ọmọ yìí mọṣẹ́!" Mi ò mọ iṣẹ́ kankan, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ọsibítù.

Oyè ọ̀mọ̀wé ni mò ń kàwé fún ní yunifásítì. Ohun tí mò ń kọ́ nípa ẹ̀ ni ilé ẹbí, bí àwọn ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílé di òní, nígbà tí àwọn mìíràn ti di báńkì àti ṣọ́ọ̀bù. Iléèwé gbà mí, wọ́n sì ń sanwó fún mi lóṣooṣù kí n lè fara balẹ̀ ṣe é. Owó yẹn ni mo fi ń jẹun. Òun ni mo fi ń wọkọ̀. Òun náà ni mo fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá mi. Ṣùgbọ́n wọn kì í kàn san án lásán. Lọ́dọọdún, ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta máa ń jókòó yẹ iṣẹ́ mi wò. Bí iṣẹ́ bá ń tẹ̀ síwájú, owó á máa wọlé. Bí kò bá tẹ̀ síwájú, owó á dúró, orúkọ mi á sì kúrò nínú ìwé wọn.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi. Ìwé tí àwọn ẹlòmíràn kọ ni mò ń kà ṣáá, mi ò tíì bá ẹyọ ènìyàn kan sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni, ó pè mí jókòó.

Ó ní, "Mùlíkátù, ìwọ tí wọ́n bí sí Ìta Fájì, kí lò ń wá ní láíbìrì? Lọ sílé. Bá ogún èèyàn sọ̀rọ̀ nínú agboolé yín. Ṣùgbọ́n kí o tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, kó kọ́kọ́ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yìí, pé òun gbà láti dá ọ lóhùn. Bí kò bá sí fọ́ọ̀mù, ìgbìmọ̀ kò ní wo iṣẹ́ náà rárá."

Mo rẹ́rìn-ín. Ogún èèyàn! Ogún èèyàn ló ń jà nídìí ẹ̀rọ omi wa láràárọ̀. Mo ní, "Mà, ọ̀sẹ̀ kan ti tó."

Ẹ̀yin èèyàn, mo gbàgbé ibi tí wọ́n ti bí mi!

Ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo kọ́kọ́ lọ, olórí ẹbí wa, ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi lọ́mọ. Ẹ kú ìjókòó, Bàbá, mo rí yín níwájú níbẹ̀ yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì fi fọ́ọ̀mù lé wọn lọ́wọ́.

Bàbá ní, "Kí lèyí?"

Mo ní, "Bàbá, kí ẹ kàn buwọ́ lù ú níbí ni, pé ẹ gbà kí n bi yín léèrè nípa ilé."

"Ilé èwo?"

"Ilé yìí, Bàbá."

Bàbá fi ìka méjì gbé fọ́ọ̀mù náà padà fún mi bí ẹní gbé èkúté tó ti kú. Ó ní, "Mùlíkátù, nígbà tí bàbá mi ń kú lọ, ohun méjì ló sọ fún mi. Ó ní kí n má fi ìrun sílẹ̀. Ó ní kí n má buwọ́ lu bébà táwọn èèyàn bá gbé wá láti ìta."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ilé ẹbí ṣe ń lọ mọ́ni lọ́wọ́ nìyẹn. Ọmọ ilé kan tó kàwé, tó mọ̀ ọ́n sọ, á gbé bébà wọlé. Á ní ọ̀rọ̀ iná ni, tàbí ọ̀rọ̀ omi. Àwọn àgbà á buwọ́ lù ú. Ó di oṣù mélòó kan, katakata tó ń wólé dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ tà á, ọwọ́ yín nìyí. Torí náà, ọmọ tó kàwé tó gbé bébà dání, òun gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù. Èmi sì nìyẹn! Mo kàwé, mo gbé bébà dání, mo tún ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kí n tó dé yàrá tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Síkírátù, àbúrò Bàbá, ti gbọ́. Ẹ sì mọ̀ pé bí Àǹtí Síkírátù bá ti gbọ́, a ò nílò rédíò mọ́. Wọ́n ní Mùlíkátù ti bá òyìnbó kan dúnàádúrà lórí ilé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Jankárà, òyìnbó ti di ará Ṣáínà, ó sì fẹ́ kọ́ ilé alájà méjìlá. Wọ́n ní owó tó ń wọlé fún mi lóṣooṣù yẹn, ṣé ẹ ò rí i, àsansílẹ̀ ni!

Ìyá mi dé láti ọjà, kò tíì bọ́ bàtà. Ó ní, "Mùlíkátù, èmi ni mo bí ọ. Sọ òótọ́ fún mi. Ta ni ará Ṣáínà yìí?"

Inú bí mi. Ẹ mọ̀ mí, inú mi kì í pẹ́ bí. Mo ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, mo ń ṣàlàyé títí ohùn mi fi há. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé gbogbo wọn ló fẹ́ sọ̀rọ̀! Wọ́n ń sọ ìtàn ilé fún mi láìdánu dúró, ẹni tó kọ́ ọ, ẹni tó fẹ́ tà á, bí wọ́n ṣe lé e. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé bírò jáde báyìí, ẹnu á pa dé. Bọ̀dá Lásísì, ẹ̀gbọ́n mi kan nínú agboolé, fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún, ó ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo rí i tó ń fi ọwọ́ kan náà ta ayò. Ó tún ń borí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìgbìmọ̀ jókòó, mi ò ní fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Mo pe obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì wọn. Ó ní, "Sista, no fọ́ọ̀mù, no mọ́nì o."

Ẹ má wò mí lójú bí mo bá ń sọ èyí. Lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ yẹn, mo sunkún. Oògùn ìyá mi ku hóró mẹ́ta nínú ike. Ṣàìtánì sì jókòó tì mí, ó ní, "Ṣé o ò mọ orúkọ wọn ni? Buwọ́ lù ú fún wọn." Ọlọ́hun forí jì mí, mo buwọ́ lu ọ̀kan. Orúkọ Bọ̀dá Lásísì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí inú ṣì ń bí mi sí i.

Ìyá mi ti dúró sẹ́yìn mi, mi ò mọ̀. Ìyá mi ò ka ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ọmọ tó ń ṣe ohun tí kò dáa. Ó ní, "Ẹni tó bá lè buwọ́ lùwé lórúkọ olórúkọ, òun ló máa ta ilé lóòótọ́." Ó yíjú padà, ó lọ. Mo ya fọ́ọ̀mù náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo ní, "Ọlọ́hun, ó ti tán lọ́wọ́ mi. Ó kù sọ́wọ́ Rẹ."

Ẹ bá mi ké Alihamudulilahi! Torí ohun tí Ọlọ́hun fi dáhùn ni pé wọ́n pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí.

Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àìlà lọ́sàn-án, gbogbo ẹbí pé sí àgbàlá. Ẹni tí kò tíì dé ilé láti ìgbà iléyá dé. Bọ̀dá Kàmọ́rù, akọ̀wé ẹbí, tó ṣiṣẹ́ ní kọ́ọ̀tù títí tó fi fẹ̀yìn tì, gbé rẹ́jísítà ẹbí jáde, ìwé ńlá tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ ilé sí láti ìgbà bàbá àgbà. Ó tún ohùn ṣe. Ó ní, "Ẹ̀sùn tí a fi kan Mùlíkátù ni pé ó fẹ́ ta ilé."

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Mi ò ta ilé! Èrè kí ni màá fi ilé tí wọ́n bí mi sí jẹ? Mo kàn fẹ́ bi yín léèrè bí ilé yìí ṣe jẹ́ tiwa di òní ni. Bí mi ò bá bi yín, wọ́n á lé mi ní yunifásítì."

Bàbá ní, "Ìyẹn náà nìkan?"

Mo ní, "Ìyẹn náà nìkan, Bàbá."

Bàbá yíjú sí akọ̀wé. Ó ní, "Kàmọ́rù, kọ ọ́ sílẹ̀. Kó má di ọ̀la kó sọ pé a sọ ohun tí a ò sọ. Kọ ọ́ pé Mùlíkátù lè bi wá léèrè nípa ilé nítorí ìwé tó ń kọ, a sì lè dá a lóhùn."

Ẹnì kan ní, "Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn ńkọ́?" Bàbá ní kó kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn lè dìde nígbà tó bá wù ú, kò sì gbọ́dọ̀ dìjà. Àǹtí Síkírátù ní òun ò fẹ́ kí orúkọ òun jáde nínú ìwé kankan. Bọ̀dá Kàmọ́rù kọ ìyẹn náà. Bọ̀dá Lásísì ní kó kọ ọ́ gàdàgbà pé a ò ta ilé, a ò yá ẹnikẹ́ni, a ò sì mọ ará Ṣáínà kankan rí. Bàbá wá fi ọ̀kan tiẹ̀ kún un pé nígbà tí mo bá parí ìwé, kí n gbé e wálé, kí n ka gbogbo ẹ̀ sí wọn létí ní Yorùbá.

Bọ̀dá Kàmọ́rù kà á sókè. Bàbá ní, "Kí kálukú buwọ́ lù ú, kó lè múlẹ̀."

Àwọn èèyàn mi! Wọ́n tò! Bọ̀dá Lásísì tú báńdéèjì. Ìyá mi tẹ̀ka. Àǹtí Síkírátù tó lóun ò fẹ́ kí orúkọ òun jáde buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ mẹ́rìnlélógójì! Èmi náà buwọ́ lù ú pẹ̀lú omijé, torí mo rò pé okùn ni wọ́n ń so mọ́ mi lọ́rùn.

Mo gbé ìdì fọ́ọ̀mù mi dìde. Mo ní, "Bàbá, ṣé kí n wá gbé tèmi wá?"

Bàbá ní, "Gbé e dànù. Àwa kì í buwọ́ lùwé."

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, mo lọ láti lọ dágbére fún wọn ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi béèrè fọ́ọ̀mù. Ẹ̀dà ojú ìwé rẹ́jísítà yẹn ni mo nà sí i. Mo ní, "Mà, ohun tí mo rí gbà nìyí. Ẹjọ́ ni wọ́n fi bá mi rò."

Ó kà á. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀. Ó fi í fún ẹnì kejì, ẹnì kejì fi í fún ẹnì kẹta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ní mo ti gbé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ní, "Mùlíkátù, kí ni fọ́ọ̀mù wa ń béèrè? Kí ẹni náà mọ ohun tó fẹ́ dáhùn lé lórí. Kó lè kọ̀ bó bá wù ú. Kí o má tú orúkọ ẹ̀ síta. Kí o jábọ̀ padà fún un. Èwo ni kò sí níbí? Tiwọn dáa ju tiwa lọ!" Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà tó wà láàárín wọn wá ní, "Ọmọ yìí, o ń wá ohun tó ń gbé ilé ẹbí ró. Òun náà ló ṣẹlẹ̀ lójú ẹ lágbàlá yín. Lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n gba ìwé náà! Wọ́n ní iṣẹ́ mi ti tẹ̀ síwájú! Àlàhú Akbar! Ní ìparí oṣù, fóònù mi dún, owó wọlé. Mo sáré lọ bá ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wo fóònù, ó wò mí. Ó ní, "Ṣé ará Ṣáínà ti san ìkejì?" Ó wá rẹ́rìn-ín, ó gbá mi mọ́ra níwájú gbogbo oníbàárà, àwa méjèèjì ń sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé ìwé kiri tí ẹnì kankan kò dá yín lóhùn, ẹ má buwọ́ lù ú lórúkọ olórúkọ o. Ẹ ní sùúrù. Ìpàdé tí wọ́n pè lé yín lórí, Ọlọ́hun lè jókòó sínú ẹ̀. Mo rò pé ilé ni wọ́n ń ṣọ́ mọ́ mi. Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ gba ìwé náà ni mo tó mọ̀ pé èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ọ fún.

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìyá mi, ẹ ṣeun. Àǹtí Síkírátù, ẹ ṣeun, mo ti dárí jì yín díẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, obìnrin ọ́fíìsì yẹn na fọ́ọ̀mù owó ọdún tó ń bọ̀ sí mi. Ó ní, "Sista, sáìn níbí." Mo gbé bírò. Mo wo fọ́ọ̀mù náà lókè, mo wò ó nísàlẹ̀, mo yí i padà, mo wo ẹ̀yìn ẹ̀. Mo gbé bírò sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e lọ sílé."