Bí A Ṣe Gba Ipò Kìíní ní Abà Ọ̀pẹkẹ́tẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi sọ fún akunlé yẹn kó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà ná. Wọ́n ní orúkọ èmi Ọmọ́ṣọlá lẹ fẹ́ kọ sára kíláàsì tuntun yìí, torí pé lọ́wọ́ mi ni ilé-ìwé wa ti gba ipò kìíní láàárín gbogbo ilé-ìwé ìjọba tó wà lágbègbè yìí lọ́dún tó kọjá. Ẹ ṣeun, Olúwa yóò san yín lẹ́san. Ṣùgbọ́n kí ọ̀dà tó kan ògiri, ó yẹ kí òtítọ́ kan etí yín. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ń fẹ̀yìn tì, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ relé. Èrú ni mo fi gba ipò náà. Ẹ má tíì pariwo, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ óò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín níbì kan.

Lọ́dún náà, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ kó àwa ọ̀gá ilé-ìwé jọ sí Moniya, wọ́n ní gbogbo ọmọ kíláàsì karùn-ún ló máa ṣe ìdánwò kan náà, bí wọ́n bá sì dé kíláàsì kẹfà, wọ́n á tún dán wọn wò. Wọ́n á wá fi ilé-ìwé wé ilé-ìwé, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń sùn. Orí mi wú. Kí ọkọ̀ tó gbé mi padà sọ́nà Ìrókò, mo ti ń rí ara mi lórí pèpéle, tí wọ́n ń ya fọ́tò mi. Àmọ́ nígbà tí mo dé kíláàsì, tí mo ní kí àwọn ọmọ kàwé sí mi létí, àyà mi já. Àwọn kan ń kà á geere bí ẹyẹ ìbákà. Àwọn yòókù ń wo lẹ́tà bí ẹni tó rí ọlọ́pàá. Kò sì yẹ kó yà mí lẹ́nu, torí ìgbà tó yẹ kí n máa yẹ iṣẹ́ wọn wò, abẹ́ igi máńgòrò ni mo máa ń wà, tí mò ń gba atẹ́gùn.

Ọ̀gbẹ́ni Sàníù tó ń kọ́ wọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Sàníù, gbórí sókè, mi ò ní di ẹ̀bi rù ọ́. Ó ní, "Màdáámù, ká ní àwọn tó mọ̀wé kà nìkan ló máa ṣèdánwò yìí ni, wàláhì, kò sẹ́ni tó máa lè bá wa." Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Tún un sọ." Nígbà tó rí ojú mi, ó ní, "Mà, ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe o." Ẹ̀fẹ̀ ni tirẹ̀, èmi ti sọ ọ́ di iṣẹ́. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, mo pe àwọn tí ìwé ò tíì yé, mo ní wọ́n ti sún tiwọn síwájú, kí wọ́n bá òbí wọn lọ sóko. Inú wọn dùn, wọ́n fò sókè! Ẹ wo irú olùkọ́ tí mo jẹ́.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Láàárọ̀ ìdánwò, Gift, ọmọ Àbíkẹ́ tó ń ṣe gààrí, yọ sí wa lẹ́nu géètì. Ó ti lọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Mà. Màámi ní kí n wá wo bí àwọn tó kù ṣe ń ṣe é, kí n lè mọ̀ ọ́n ṣe tó bá kàn mí." Mo ti ń gbọ́ ìró mọ́tò àwọn tó fẹ́ wá ṣọ́ ìdánwò. Ẹ̀rù bà mí. Mo sún mọ́ ọmọ náà, mo sọ ọ́ sí i létí pé, "Gift, olódo ni ẹ́. Bí o bá wọlé, o máa ba gbogbo wa jẹ́. Máa lọ." Kò sunkún. Ó ní, "Ó dàbọ̀, Mà," ó yí padà, ó gba ọ̀nà oko. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú aṣọ tí Èṣù ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, àdìrẹ ló wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì fi gèlè lé e.

Bí a ṣe gba ipò kìíní nìyẹn. Àbíkẹ́ ò bá mi jà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé Abà Aláró, tó gbẹ̀yìn pátápátá. Kò pẹ́ sígbà náà, ọ̀gá ilé-ìwé Abà Aláró, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lazarus, gun ọ̀kadà wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Mà, àwa la gbẹ̀yìn. Ẹ dákun, ẹ kọ́ mi lọ́gbọ́n tí ẹ dá." Kí ni kí n sọ? Mo wojú òde, mo rí obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gẹ́, irọ́ bá tú lẹ́nu mi bí omi ẹ̀rọ. Mo ní, "Ẹ̀gẹ́ ni àṣírí wa. Bí ìyá bá ń bó ẹ̀gẹ́ nírọ̀lẹ́, ọmọ gbọ́dọ̀ máa kàwé sí i létí. Bí ìyá ò tilẹ̀ mọ̀wé, kó ṣáà máa bi í pé, kí ni ìwé wí?" Lazarus ń mi orí, ó ń dúpẹ́. Nígbà tó lọ tán, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Arákùnrin yìí lọ ṣe é o! Ilé dé ilé ló ń lọ, ó ń jókòó ti àwọn ìyá, òun náà ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Nígbà tí ìdánwò tọdún yìí dé, wọ́n ti ń ka orí ọmọ kí wọ́n tó pín ìwé, mi ò lè lé ẹnikẹ́ni lọ sóko mọ́. Abà Aláró ló ṣíwájú. Àwa la wà nísàlẹ̀. Gift ló sì gba máàkì tó ga jù. Ẹ̀yin òbí ní wọ́n yàn wá jẹ ni. Ẹnikẹ́ni ò yàn wá jẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka àbájáde náà ní Moniya, Lazarus dìde láàárín èrò, ó ní, "Màdáámù Ọmọ́ṣọlá ni kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún. Àwọn ló kọ́ mi." Gbogbo wọn dìde fún mi. Mò ń sunkún, wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Lánàá, mo lọ bá Àbíkẹ́ àti Gift nílé, mo kúnlẹ̀. Àbíkẹ́ ní, "Háà, Màdáámù, ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí ọmọ rí yín báyìí." Mo ní kó rí mi. Gift wò mí títí, ó ní, "Mo ti dárí jì yín, Mà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ní kí wọ́n lọ sóko ti mọ ìdí ẹ̀. Wọ́n ṣì rò pé olódo ni àwọn. Ẹ lọ sọ fún wọn."

Ìdí tí mo fi dúró síbí nìyẹn. Ẹ̀yin tíṣà tó ṣì kéré, bí wọ́n bá fi yín wé ẹlòmíràn tí ẹ sì gbẹ̀yìn, ẹ gbà pé ẹ gbẹ̀yìn, kí ẹ lọ bèèrè ọ̀nà. Ẹni tó fi irọ́ gba iwájú kì í mọ ibi tí òun dúró. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì kẹfà tí ẹ wà lẹ́yìn yẹn, kò sí olódo kankan láàárín yín. Ìwé tí ẹ ò mọ̀, èmi ni mi ò kọ́ yín. Ẹ dárí jì mí. Bí mo bá fẹ̀yìn tì, ilé mi ò jìnnà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni n ó máa wá jókòó tì yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì lọ. Ẹ sún ìjókòó yín mọ́ wa. Ó yá, ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló fẹ́ kọ́kọ́ kà?