Ìṣó Tí Mo Ń Sún

Ìṣó ni mo fi ba ayé àbúrò mi jẹ́. N kò fi gún un o. Mo kàn ń sún un díẹ̀ lára ògiri ni, ìwọ̀n ìbú ìka kan, mo sì ń dá a padà sí ààyè rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi ju ikọ́ tó ń pa mí lọ yìí lọ. Ikọ́ náà kò sì ní dúró dè mí. Kí ó tó pa mí lẹ́nu mọ́, ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ bó ṣe rí, n kò ní bu iyọ̀ sí i.

Ọmọ ìyá kan, bàbá kan ni wá. Èmi ni mo ṣáájú, ṣùgbọ́n nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ó lé mi bá ní kíláàsì, ó sì kọjá mi. Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò jáde, bàbá wa sọ lójú àlejò pé, "Ẹ wá wo nǹkan! Àbúrò ti bí ẹ̀gbọ́n sílé ìwé." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó wá bá mi lẹ́yìnkùlé, ó ní kí n jẹ́ kí òun máa kọ́ mi ní ìṣirò. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. N kò padà sílé ìwé mọ́, mo lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bàbá mi gbàgbé àwàdà rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èmi gbé e sáyà títí irun mi fi funfun. Mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé n kò já mọ́ nǹkan kan, mo sì pinnu pé èmi nìkan kọ́ ni yóò wà níbẹ̀.

Nígbà tí bàbá wa kú, ilé ìwé tán fún àbúrò mi náà. Ìyá wa mú un wá bá mi níbi iṣẹ́, ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni kó o kọ́ ọ." Kò pẹ́ sígbà náà, ọ̀gá wa, kọngílá tó gba iṣẹ́ ilé, dúró ti ògiri tí ọmọ náà ń mọ, ó ń mi orí. "Eléyìí lójú o! Ẹ̀gbọ́n, tètè ṣọ́ra, kó má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ." Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọjọ́ kìíní ni mo tún gbọ́ létí.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé okùn ni bíríkìlà ń tẹ̀ lé. A ó kan ìṣó sí igun méjèèjì, a ó na okùn le koko láàárín wọn, a ó wá máa to búlọ́ọ̀kù tẹ̀ lé okùn náà. Bí àbúrò mi bá lọ pọn omi, n ó yọ ìṣó apá kan, n ó kàn án sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà. Yóò dé, yóò to búlọ́ọ̀kù rẹ̀ tọkàntọkàn. Bó bá lọ jẹun, n ó dá ìṣó padà. Nígbà tí ọ̀gá bá dé, yóò rí i pé okùn gba ibì kan, ògiri gba ibòmíràn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo tẹ̀ lé okùn o."

"Okùn ń bẹ níbẹ̀. Ojú rẹ ni kò sí níbẹ̀."

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ojú-Wíwọ́. Orúkọ náà mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá wa sọ ọ́ lọ. Ó lọ bá dókítà ojú, ó sì padà wá bá mi pẹ̀lú omijé. "Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ojú mi. Ẹ̀gbọ́n mi, bí kì í bá ṣe ojú, àbí orí mi ni kò pé?" Èmi ìkà, èmi ọmọ ìyá rẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo ní, "Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni iṣẹ́ ọwọ́ yẹ." Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí kì í bi mí: ṣé bàtà yìí yẹ òun, ṣé obìnrin yẹn lè gbà láti fẹ́ irú òun. Yóò ti tọrọ àforíjì kó tó kí èèyàn.

Síbẹ̀, eré ọmọdé ni gbogbo ìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rán mi lọ kó irin wá láti ibòmíràn. Àbúrò mi nìkan ló mọ ògiri iwájú ilé, n kò ráyè fọwọ́ kan ìṣó kankan. Nígbà tí mo fi dé, ògiri náà dúró ṣánṣán. N kò mọ irú rẹ̀ rí láyé mi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí mo ti gbàgbé pé ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó."

Mo di ojú kan. Mo pòṣé. Mo ní, "Ó tún ti wọ́."

Okùn ń bẹ lára ògiri, ó nà tàntàn. Kò bojú wò ó. Ó gbé òòlù ńlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri tó tọ́ lulẹ̀, ó ń sọ fún mi bó ṣe ń lù ú pé, "Ẹ má bínú, ẹ má bínú." Ǹ bá ti ní kó dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Mo jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì, mo ń wò ó. Ìgbà yẹn ló yé mi pé n kò nílò ìṣó mọ́. Ó ti wọ̀ ọ́ lára.

Ọ̀gá sáré dé. "Ta ló ní kó o wó o? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ni, ó tọ́!"

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. "Ọ̀gá, ẹ ò wò ó dáadáa ni. Iṣẹ́ mi kì í tọ́."

Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Kò fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù mọ́, agbálẹ̀ ló dà. Ó padà fẹ́ ìyàwó, ṣùgbọ́n ìyàwó náà lọ, nítorí ọkọ tí kò lè dá yan ẹ̀wù tí yóò wọ̀ sú u. Ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un. Èmi di olórí òṣìṣẹ́. Ṣé mo wá ga? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o: ẹni tó gbẹ́ kòtò fún ọmọnìkejì kí òun lè ga jù ú lọ, gíga rẹ̀ àtijọ́ náà ló ṣì wà.

Ní báyìí, eruku sìmẹ́ńtì ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró mi tán. Ilé àbúrò mi ni mo dùbúlẹ̀ sí. Òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí mi lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò gbóná jù? Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

Láàárọ̀ àná, ó dúró lórí àga, ó ń kan ìṣó tí a ó fi aṣọ fèrèsé mi kọ́. Ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ń mí hẹlẹ. Ilé iṣẹ́ àwọn kọ́lékọ́lé ti gbà á síṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ní, "Rárá. Ojú tèmi lo jogún. Bí ilé bá wó pa èèyàn ńkọ́?"

"Bàbá mi, ojú mi ò ṣe nǹkan kan!"

"Bí èmi náà ṣe ń sọ nìyẹn."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ ti ibùsùn mi. "Bàbá àgbà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa ń gbà gbọ́."

Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò bu omi fún mi? Bí n kò bá sọ ọ́, òun ni yóò tún fọwọ́ ara rẹ̀ wó ògiri kejì, ògiri yìí sì ń mí, ó kúnlẹ̀ síwájú mi. Àbúrò mi ti yíjú sí mi lórí àga, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìṣó yìí wà láàyè rẹ̀?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀. Èyí tí mo ń sún ni kò sí níbẹ̀."

"Ìṣó wo?"

Mo gbìyànjú, mo dìde jókòó. Ikọ́ fẹ́ gbà á lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo pariwo rẹ̀ kí ọmọ náà lè gbọ́, kí àwọn ayálégbé tó wà ní yàrá kejì lè gbọ́: "Ìṣó okùn rẹ, àbúrò mi! Bó o bá lọ pọn omi, èmi ni mo ń sún un. Ojú rẹ ò wọ́ rí. Ògiri tó o wó lọ́jọ́ náà tọ́, mo rí i pé ó tọ́, mo sì ní ó wọ́. Èmi ni. Jẹ́ kí ọmọ yìí lọ. Bó o bá lè forí jì mí, forí jì mí. Èmi ni!"