Ẹran Iléyá Tí Mo Dànù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Láti àná ni ayọ̀ àti ìbẹ̀rù ti dì mọ́ra nínú mi, mi ò lè dá a gbé mọ́.

Adéwọlé là ń gbé ní Ìlọrin. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán lọkọ mi, ṣọ́ọ̀ṣì la sì ń lọ. Ọmọ mi, Tolú, wà ní nọ́sìrì. Ráhmà lọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà Iléyá, ìyá Ráhmà di ẹran díndín sínú ike fún wa. Mo fi ẹ̀rín gbà á. Mo délé, mo dà á nù. Wọ́n ti sọ fún mi ní kékeré pé ẹran ọdún wọn kì í ṣe tiwa. Mi ò sọ̀rọ̀ kankan létí Tolú, mo kàn yínmú ni.

Ọmọ ti kà á lójú mi. Ní nọ́sìrì, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré oúnjẹ, ó ní kí àwọn tó wọ híjáàbù lọ jókòó lọ́tọ̀. "Ẹ máa jẹ tiyín. Tiyín ń rùn." Ráhmà sunkún délé.

Ìyá rẹ̀ bi mí léèrè lẹ́nu géètì nọ́sìrì pé, "Ìyá Tolú, níbo lọmọ yìí ti gbọ́ ọ?" Ojú tì mí. Mo ní ìyá ọkọ mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà ni, kó má bínú. Tolú gbójú sókè, ó wò mí.

Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Màmá ò sọ ọ́ rí. Ẹ̀gbọ́n Màmá gan-an, Alájì ni. Abọ́ kan náà ni wọ́n ti jọ ń jẹ ẹran Iléyá.

Àná ni mo lọ mú Tolú, tí mo bá òun àti Ráhmà tí wọ́n ń fi mọ́ínmọ́ín tí Ráhmà gbé wá síra wọn lẹ́nu. Ó ní, "Mọ́mì, mo tọ́ ọ wò, kò rùn." Inú mi dùn débi pé àwọn méjèèjì ni mo gbé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Ráhmà ń rẹ́rìn-ín. "Tolú ní Màmá ń bọ̀ ní Sátidé. Èmi fúnra mi ni màá gbé oúnjẹ wá kí wọn. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á lá ọwọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn á tán ńlẹ̀, ìnṣá Allahu."

Kò sóhun tó wù mí tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó bá wá fi ọ̀rọ̀ tí Màmá ò sọ bá wọn ṣàwàdà ńkọ́?

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ kí Sátidé tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún? Ṣé ìyá Ráhmà tí mo purọ́ fún ni, àbí Màmá tí mo purọ́ mọ́? Àbí Tolú, tó dúró níbẹ̀, tó mọ̀ pé irọ́ ni, tí kò sì tú mi fó?