Táyà Tí Mo Fi Sí Ọkọ̀ Tó Gbé Ìyàwó Àbúrò Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi títí ẹ ó fi ka ọ̀rọ̀ mi tán. Ìyàwó mi gan-an kò gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí rí. Ó ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹbí wa máa jókòó, ẹnu mi ni gbogbo wọn sì ń wò. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ mọ́.

Ará Ìjùmú ni wá, ṣùgbọ́n Kpata ní Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Bàbá wa ti kú. Èmi ni àkọ́bí, Bọ̀dé sì ni àbúrò mi kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ìjàpá, Volkswagen kékeré yẹn, ni àwa méjèèjì ń wà lọ síbi iṣẹ́. Ní àdúgbò wa, èmi ni wọ́n máa ń pè bí wọ́n bá fẹ́ ra ohunkóhun fún mọ́tò. Mo fẹ́ràn òkìkí yẹn, n kò ní purọ́ fún yín.

Bọ̀dé fẹ́ gbé Rẹ̀mí níyàwó, ọmọ Òwòrò láti abúlé kan lórí òkè Agbaja. Ọkọ̀ rẹ̀ ló fẹ́ fi gbé e sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti dán bí orí apárí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi yan táyà. Èyí tí ẹ bá ti mú ti tẹ́ mi lọ́rùn."

Táyà tuntun ti di ọ̀wọ́n bí ojú nígbà náà. Mo rìn títí nínú ọjà àtijọ́ tó wà létí odò Ọya. Tòkunbọ̀ tí oòrùn ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo ń rí ṣáá. Nígbà tó yá, ọkùnrin Nupe kan fa tuntun méjì yọ lábẹ́ tapólì. Mo fi àtàǹpàkò tẹ èjìká wọn, mo ti ọwọ́ bọ inú wọn bóyá ibì kan wú. Wọn kò ní àbùkù kankan. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Oga, dis one no dey fear stone." Mo fi owó Bọ̀dé rà wọ́n.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti wọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí a ti èṣù sọ́rọ̀ yìí, ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi ṣe é. Táyà ẹ̀yìn tèmi náà ti dán tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń lẹ táyà ní Kpata ló fi ọ̀bẹ gbígbóná la ilà tuntun sójú rẹ̀ fún mi, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe. Tí wọ́n bá ti fi pólíìṣì dúdú kùn ún, ta ló máa mọ̀? Mo rò ó pé èmi àgbà ni màá ṣáájú ọkọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kò bá mi lára mu kí àbúrò wọ tuntun kí èmi wọ èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ là. Mo fi tuntun sí ọkọ̀ tèmi, mo fi tèmi sí ti Bọ̀dé. Mo ní tí ìgbéyàwó bá ti parí, màá pààrọ̀ wọn padà.

Bọ̀dé fi ọwọ́ pa táyà náà, inú rẹ̀ dùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi.

A gun òkè Agbaja láìsí wàhálà. Nígbà tí a ń bọ̀, Màmá wa kúrò nínú ọkọ̀ mi. Ó ní, "Ìyàwó mi ni mo fẹ́ jókòó tì." Oòrùn mú gan-an, òkúta sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn. Mo wo dígí, eruku nìkan ni mo rí.

Ọkọ̀ Bọ̀dé ti dojú dé. Apá rẹ̀ kán. Màmá kú kí a tó dé ọsibítù. Ẹ̀gún kò gún Rẹ̀mí. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ wo ọkọ̀ náà, mo rí i pé ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà ni táyà ti ya, òwú inú rẹ̀ ti yọ síta. Mo tú u, mo lọ jù ú sódò Ọya.

Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ìyàwó dára tàbí kò dára. Wọ́n ní ẹsẹ̀ Rẹ̀mí kò dára. Wọ́n ní kò tilẹ̀ tíì wọlé tó fi pa ìyá ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹbí jókòó, wọ́n bi mí, nítorí ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ó padà sílé bàbá rẹ̀." Rẹ̀mí kúnlẹ̀, ó kí wa ní "Òkun o," bí wọ́n ti ń kíni nílẹ̀ wa, ó gbé báàgì rẹ̀. Ọkùnrin kankan kò sún mọ́ ọn láti ìgbà náà.

Bọ̀dé náà kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ní báyìí ó fẹ́ kí a gba Rẹ̀mí padà, ẹbí sì ní ohun tí mo bá wí làwọn máa tẹ̀ lé. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo rò pé màá kàn sọ pé ẹsẹ̀ ọmọ náà dára, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Àmọ́ Rẹ̀mí ti ránṣẹ́. Ó ní òun máa wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ òun dára báyìí, kí ó dìde níwájú gbogbo ẹbí, kí ó sọ ohun tó pa Màmá. Bọ̀dé fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tó ń jíṣẹ́ náà fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló lè mọ ìyẹn?"

Èmi mọ̀ ọ́n. Tí mo bá sọ ọ́, mo ti pàdánù àbúrò mi kan ṣoṣo. Tí n kò bá sọ ọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ mi wọ sàréè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti rí ayé jù mí lọ, ẹ dá mi lóhùn kí ọjọ́ Àìkú tó pé. Nínú Bọ̀dé àti Rẹ̀mí, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún?