Bí Mo Ṣe Sẹ́ Hásẹ̀tì

Hesba ọmọ mi, jókòó tì mí. Dókítà ti sọ tirẹ̀. Èmi náà fẹ́ sọ tèmi kí n tó lọ, torí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́rùn tipẹ́.

O mọ̀ pé orúkọ wa ṣọ̀wọ́n. Orí ilẹ̀ yìí ló ti wá, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti ṣán igbó lábẹ́ òkè. Hathersthwaite ni wọ́n ń kọ, Hásẹ̀tì ni àwa ń pè é. Ilé wa nìkan ló kù níbẹ̀. Àwa nìkan la sì ń jẹ́ orúkọ náà ní gbogbo àfonífojì yìí, mo ń fi í yangàn bí àkùkọ.

Lọ́jọ́ kan, kùrukùru bo òkè, àwọn àgùntàn ń hàn, wọ́n tún ń pòórá, bí ìgbà téèyàn ń lá àlá. Èmi àti Amos Tallentire ọ̀rẹ́ mi ń tún ògiri òkúta tó wó tò. Obìnrin kan yọ sí wa, ó gbé ìkòkò kékeré mọ́ àyà. Ó ní Merrin lorúkọ òun, láti Tasmania, lókè òkun lọ́hùn-ún. Bàbá rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ kó tó kú pé kí wọ́n sun òkú òun, kó sì wá da eérú rẹ̀ síbi tí orúkọ wọn ti ṣẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni Hathersthwaite wà?”

Ó pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kò fo lẹ́tà kan. Orí ilẹ̀ náà gan-an ló sì dúró sí.

Owú gbé mi wọ̀. Ta ló ní kí àjèjì wá bá mi pín orúkọ? Mo ní, “Ọmọ mi, kò síbi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín.” Èké ni mí. Ẹnu rẹ̀ gbọ̀n. Ó yẹ kíyẹn tó mi, kò tó mi. Mo nawọ́ sí Gaskbeck, abúlé tó wà lẹ́yìn òkè, mo ní bóyá ọ̀hún ni. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì la gbọ́ pé ó ti da eérú bàbá rẹ̀ sí itẹ́ òkú Gaskbeck, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí obìnrin yẹn ṣe wọ kùrukùru lọ ni Amos ti sọ̀rọ̀. Ó ní, “Wilf, ẹni tó bá jókòó sílé kì í jẹ́ orúkọ ìlú. Ẹni tó bá jáde ni wọ́n ń fi ibi tó ti wá pè. Àwọn ló ni orúkọ yẹn. Baba ńlá tìẹ náà jáde rí, ó kàn padà wálé ni.” Mo ní kó gbájú mọ́ òkúta rẹ̀.

Ojú ń tì mí, Hesba. Mo ń rí i lójú oorun, ó ń béèrè, mo fẹ́ pe Hásẹ̀tì fún un, ohùn mi ò jáde.

Wá Merrin rí, bá mi bẹ̀ ẹ́. Má sì sin mí síbí. Gbé mi lọ sí Gaskbeck, kí bàbá rẹ̀ lè rí ará ilé kan bá sùn.