Kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ti Bàbá Aláago síta

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, nítorí náà tí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ohun tó wà níkùn mi yìí ti pé oṣù mẹ́jọ. Mo rò pé yóò dà, bí oúnjẹ ṣe máa ń dà. Kò dà.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ẹnì kan lábẹ́ afárá ní Mile 12, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan. Láti ọjọ́ náà, òòlù mi kì í ba orí ìṣó mọ́. Èmi tí mo máa ń kó ìṣó sẹ́nu lu àga láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àga ni mò ń tún ṣe ní Kétu. Wọ́n ń pè mí ní Uncle Alága. Ẹ má rò pé mo di ipò kankan mú o. Àga tí fóòmù rẹ̀ ti rì, tí ìdí rẹ̀ ti ya, ni mò ń ṣe alága lé lórí.

Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ta ilé tí mo gba yàrá sí ní Alápẹ̀rẹ̀. Ẹni tó rà á fún wa lóṣù kan ká jáde. Ìyàwó mi kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní kó jẹ́ kí n wá yàrá mìíràn, màá ránṣẹ́ pè é. Yàrá tí mo rí ni ṣọ́ọ̀bù mi. Mo sọ fún un lórí fóònù pé mo ti rí ibì kan tó dára, pé afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa. Afẹ́fẹ́ ń wọlé lóòótọ́. Òrùlé ló ti lu.

Orí àga àwọn oníbàárà mi ni mò ń sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú, mo máa ń tẹ́ aṣọ sí i. Mo ti sùn lórí àga lọ́yà, mo ti sùn lórí àga pásítọ̀. Tí àga bá ti dára tán, inú ẹni tó ni ín á máa dùn, èmi á máa ro ibi tí màá gbé orí lé.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi Bàbá Aláago. Aago ni wọ́n ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù wọn ló ṣe ìkẹta sí tèmi. Ará Ìṣẹ́yìn ni wọ́n, ìyàwó wọn ti kú, ẹsẹ̀ wọn kan sì máa ń wú. Àwọn náà ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù. A kì í sọ ọ́. Láàárọ̀, tí àwa méjèèjì bá ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Alága, o tètè dé lónìí." Èmi náà á ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ tètè dé jù." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bo ara wa láṣìírí, torí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti sọ pé ẹni tí òun bá bá tó ń sùn síbẹ̀, ẹrù rẹ̀ á bá a níta.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Fúnmi gbé àga wọn wá. Oníbàárà mi ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, inú ẹ́sítéètì tó ní géètì ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní àwọn àti àwọn kan láti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò fẹ́ ka àwọn tí kò nílé, láti Kétu, Ìkòsí, títí dé Mile 12. Ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ máa gba káàdì. Káàdì yẹn ló máa fi rí dókítà lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá sì jẹ́ àgbàlagbà, ó máa rí bẹ́ẹ̀dì nínú ilé kan tí ẹnì kan yọ̀ǹda fún wọn.

"Uncle, ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ àdúgbò yìí. Ẹ bá wa kọ́ àwọn tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe máa bá èèyàn sọ̀rọ̀."

Ẹ wo ayé. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀ nípa àìnílé, wọ́n sì já lu ọ̀jọ̀gbọ́n.

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Èmi àti ẹ̀rù ti ń gbé pọ̀ tipẹ́. Ká ní ó ń bá mi dá owó ilé ni, à bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Kíláàsì kan ní ilé ìwé kan ní Ìkòsí la lò, lọ́sàn-án Sátidé. Mo kọ́ wọn tọkàntọkàn. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ dúró lé ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí, kí wọ́n lóṣòó. Mo ní kí wọ́n kí àgbà tán kí wọ́n tó yọ fọ́ọ̀mù. Wọn ò gbọdọ̀ tan iná fóònù sójú ẹni tó ń sùn. Wọn ò gbọdọ̀ béèrè ohun tó fà á. Kí wọ́n kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ sùn lánàá?"

Àǹtí Fúnmi ní, "Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Uncle, ẹ ṣe bí ẹni tí kò nílé."

Mo jókòó sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tósìn lóṣòó níwájú mi. "Ẹ kú ìjókòó sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ sùn lánàá?"

Mo ní, "Orí àga ẹlòmíràn ni."

"Alẹ́ òní ńkọ́, sà?"

"Ibẹ̀ náà ni, tí wọn ò bá tíì wá gbé e."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àǹtí Fúnmi ń nu ojú, wọ́n ní, "Uncle, iṣẹ́ tíátà ló yẹ kí ẹ máa ṣe." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́dún yẹn nìyẹn, àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi gbà á.

Tósìn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó ní, "Uncle, ẹni tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ká kọ ọ́?"

Ó dà bíi pé ọmọ yẹn ti rí ìrọ̀rí tí mo fi pa mọ́ sẹ́yìn fóòmù. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti ń sọ̀rọ̀. Mo ní, "Rárá o. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kì í ṣe aláìnílé."

Àǹtí Fúnmi mi orí. Wọ́n ní ó bọ́gbọ́n mu. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó, gbogbo wọn dà á kọ: Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́, ẹ má kọ ọ́. Bí ẹ̀rù èmi nìkan ṣe di òfin nìyẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò ro ti Bàbá Aláago rárá.

Lọ́jọ́ tí a jáde, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, èmi ni mo mú Tósìn àti àwọn méjì mìíràn rìn. Nígbà tí a dé ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù tiwa, ẹnu yà mí. Bàbá Aláago ti ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wọ bùbá funfun tó mọ́, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ tó wú yẹn síwájú. Wọ́n ti gbọ́ nípa wa ní mọ́ṣáláṣí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kọ orúkọ mi. Ibí ni mò ń sùn."

Ẹni tí a jọ ń ṣe "o tètè dé lónìí" láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n tú àṣírí ara wọn lójú ọmọdé, wọn ò sì tijú.

Tósìn wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ ní kọ́kọ́rọ́, Bàbá." Ó yíjú sí mi. "Uncle, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sùn síbí?"

Mo mọ̀ pé tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní, "Bàbá ń ṣeré ni. Wọ́n nílé ní Sangisa."

Bàbá wò mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ó dáa. Eré ni." Wọ́n gbé àpótí wọn wọlé.

Mo dúró ti Tósìn tó ń kọ ọ́ síbi tí wọ́n ń kọ ti ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù wa pé kò sẹ́nì kankan. Mo tiẹ̀ bá a di bíbélì tó fi gbé fọ́ọ̀mù lé mú kó lè kọ ọ́ dáadáa.

Kò pé oṣù kan, mo rí ẹlòmíràn tó ń ta okùn fóònù ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ti padà sí Ìṣẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí lókò: ara tù mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo wá lọ ra tòmátì tó ti fọ́ ní Mile 12, torí òun ni agbára mi ká. Lábẹ́ afárá, nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ Òkè Ọya ti ń já ata, mo rí Bàbá Aláago láàárín apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Wọ́n fi àkísà wé ẹsẹ̀ wọn. Àpótí irinṣẹ́ wọn wà lórí itan.

Wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Alága, o tètè dé lónìí."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

Wọ́n ní, "Ṣé àwọn ọmọ ọjọ́sí ní ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ò sí nínú rẹ̀. Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Mo wà níta báyìí kí wọ́n lè rí mi kà. Ìwọ lo mọ̀ wọ́n, ìgbà wo ni wọ́n ń padà bọ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́. Ohun tí ẹ̀rù fi sí mi lẹ́nu níṣẹ́jú kan, Bàbá yìí ti tẹ̀ lé e dójú títì. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n kọ̀. "Kí wọ́n tún wá bá mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Rárá, Alága. Ẹsẹ̀ yìí ti ń rùn. Dókítà ni mò ń dúró dè." Wọn ò mẹ́nu ba Sangisa. Wọ́n béèrè àwọn ọmọ mi, wọ́n dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣé mo jẹ́wọ́ fún wọn? N ò jẹ́wọ́. Mo ní, "Wọ́n máa tó dé, Bàbá." Mo kó gbogbo tòmátì mi fún wọn, ẹni tí kò ní ìkòkò, kí n lè tètè sá.

Àǹtí Fúnmi ti pè mí lánàá. Wọ́n tún fẹ́ ka èèyàn lóṣù tó ń bọ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tuntun sì di Sátidé yìí. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù wa máa wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni òun àti Àǹtí Fúnmi ń lọ. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti di ará ìta, ìyàwó mi á sì gbọ́ irú yàrá tí mo gbà. Tí mi ò bá sọ ọ́, ẹsẹ̀ Bàbá ò lè dúró de oṣù tó ń bọ̀. Mo ti rí ẹsẹ̀ náà.

Àǹtí Fúnmi ní kí n tún wá ṣe tíátà ọjọ́sí. Àga tiwọn gan-an ti padà sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ Ajé. Ẹnì kan á lóṣòó síwájú mi, á bi mí pé níbo ni mo sùn lánàá. Mo fẹ́ wo ojú Àǹtí Fúnmi kí n ní, "Orí àga tiyín ni, mà. Bàbá Aláago ò sì nílé ní Sangisa."

Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ẹnu mi láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tí wọ́n bá tún pàtẹ́wọ́ ńkọ́?